Ìrẹsì Tí Àṣíáwù Wá Dé Ilé Màmá Tíṣà

Àṣíáwù fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kí n kọ orúkọ òun síbẹ̀ gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ bú òun lè rí ẹni tí yóò bú. Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi náà ti bú u tó kí n tó mú gègé. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ.

Ìrẹsì ni Àṣíáwù ń tà n'Ílaròó. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè ni, èyí tó ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìrẹsì ò dáwọ́ dúró, inú igbó ló bọ́ sí. Kò sí ẹni tó ń dáná ní gbogbo agbègbè Yewa tí kò mọ̀. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ ṣí ìkòkò rẹ̀ wò.

Ìsọ̀ Àṣíáwù kọjú sí ilé Màmá Tíṣà. Dinah Ògúnníyì lorúkọ ìyá náà, ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, opó ni. Ìdajì àdúgbò ló kọ́ níwèé, Àṣíáwù náà wà nínú wọn. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, tí í gbá ojúde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Olúdayọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bodè.

Kí bodè tó tì, oṣooṣù ni Olúdayọ̀ ń wá wo ìyá rẹ̀. Bodè wá tì, oyún sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oyún ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọ̀kadà, ọ̀kadà nìkan ló sì ń gba igbó kọjá. Ló bá pe Àṣíáwù lórí fóònù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ni mo fẹ́ máa fi wo Màmá mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí nǹkan ṣe é."

Àṣíáwù ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìyá tó kọ́ òun níwèé, ìyá òun náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Olúdayọ̀ ń pè é. Ó sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́.

Lóṣù kẹsàn-án, Àṣíáwù lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan n'Ígbógìlà. Kó tó padà dé, àwọn aṣọ́bodè ti já àgádágodo ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo ìrẹsì tó wà níbẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ. Ìsọ̀ ṣófo gbáú. Àṣíáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹkún kọ̀, kò jáde.

Hùmúàní tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ló wá bá a. Hùmúàní kì í purọ́. Ohun tó bá rí ló ń sọ, àmọ́ kì í dúró wádìí rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ àwọn aṣọ́bodè wọ àdúgbò, Màmá Tíṣà ló jáde láàárín títì tó nawọ́ dá wọn dúró. Ó bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ọ̀gangan ìsọ̀ Àṣíáwù, ó na án lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi dé ìdí àgádágodo.

Àṣíáwù ní, "Màmá Tíṣà?"

Hùmúàní ní, "Ojú mi méjèèjì yìí ni."

Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba oúnjẹ lẹ́nu yín rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí lára. Inú Àṣíáwù gbóná gan-an. Kò sì lọ bá ìyá náà. Ká ní ó lọ bá a ni, kódà ká ní ó lọ bú u mọ́ ojú, ọ̀rọ̀ ì bá yanjú lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé e sínú. Ó ní ẹni tó bá ṣe òun ní kọ̀rọ̀, gbangba lòun ó ti san án fún un.

Ó sọ fún mi pé, "Mo ní ìṣojú mi ni wọ́n máa ti wọ́ ọ jáde. Nígbà tí kò sí ẹran lọ́bẹ̀ mi, ìyẹn ni mo fi ń jẹ ẹ̀bà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ìyá arúgbó nìyẹn. Iyọ̀, máàgì àti ọṣẹ ló wá kù tí owó rẹ̀ ká láti rà tà, nítorí náà ó ráyè. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó kọjú sí ilé ọ̀hún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ológbò tó lúgọ de eku.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí rí nǹkan. Fèrèsé tí Màmá Tíṣà máa ń ṣí láago mẹ́fà àárọ̀ láti ogún ọdún wá, ó tì í, kò ṣí i mọ́. Nígbà tó ṣe, ó fi páálí dí ojú gíláàsì rẹ̀. Kì í jẹ́ kí àlejò wọlé mọ́. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, ẹnu géètì ló ti dá wọn lóhùn, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbọningbọnin.

Àpò ló wá kàn. Nírọ̀lẹ́, ìyá náà á ti ọ̀nà ọjà bọ̀ tòun ti àpò, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wọlé. Àpò ń wọlé, àpò kan kì í jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àṣíáwù rí eku mẹ́ta tí wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, wọn ò tilẹ̀ sáré.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará Yewa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lásìkò tí bodè tì yẹn, bí ilé tí wọ́n ń kó ìrẹsì pamọ́ sí ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Inú yàrá lọjà wà, ó wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà ní balùwẹ̀. Wọ́n á dí fèrèsé kí ojú má baà tó o, àlejò ò sì ní kọjá géètì. Wọ́n á tún ìrẹsì dì sínú àpò ẹ̀wà tàbí àpò gààrí, wọ́n á máa gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ra nǹkan ọbẹ̀ bọ̀. Eku ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ṣáájú aṣọ́bodè. Ẹni tó bá ti ṣe òwò náà rí kò nílò kí wọ́n júwe fún un. Àṣíáwù wo gbogbo àmì wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ sì yé e, lójú ara rẹ̀.

Inú rẹ̀ wá ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní háà, kí ìyá yìí lè gba òwò mọ́ òun lọ́wọ́ ló ṣe tú òun fó. Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó gbé Bíbélì, ọjọ́ Ajé dé, ó gbé àpò. Ó ní kó máa kó o jọ, kó kún dáadáa. Bó bá kún dé àjà tán lòun ó tó lọ pe àwọn tó máa kó o.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Olúdayọ̀ pè. Ó ní Màmá òun kì í gbé fóònù mọ́, èyí tó sì gbé gbẹ̀yìn, ṣe ló ń bi òun pé ta ni ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wojú rẹ̀ dáadáa. Ṣé ara rẹ̀ yá?"

Àṣíáwù wo ilé tí páálí dí fèrèsé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Ara Màmá yá gágá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń yọ yín lẹ́nu."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi pa á. Ó ní bí òun bá sọ pé nǹkan ń ṣe ìyá náà, ọmọ á ní kí àwọn èèyàn wọlé lọ wò ó, ìyá á sì kó ọjà kúrò kí aṣọ́bodè tó dé. Ẹ ò rí i bí inú burúkú ṣe ń kọ́ èèyàn lọ́gbọ́n.

Irọ́ kejì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó máa fi di ìkarùn-ún, kì í ronú sí i mọ́. Ó ní Màmá jẹ iyán. Ó ní Màmá wọ léèsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní Màmá rán òun kí Olúdayọ̀, pé kó má gbé nǹkan wúwo. Olúdayọ̀ á máa dúpẹ́ lọ́hùn-ún, á ní Ọlọ́run ló fi Ẹ̀gbọ́n jíǹkí òun.

Ó wá di oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti dé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà ré títì kọjá wá sí ìsọ̀ Àṣíáwù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, nítorí Àṣíáwù ní ibẹ̀ gan-an lòun ti dẹ́ṣẹ̀, pé èyí tó kù kàn tẹ̀ lé e ni.

Ìyá náà wọ aṣọ sódì. Bàtà ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ òsì. Irun rẹ̀ ti di mọ́ra, òórùn ara rẹ̀ sì ṣáájú rẹ̀ wọ ìsọ̀. Ó ra iyọ̀, ó lọ. Ó dé àárín títì, ó padà, ó ní òun fẹ́ ra iyọ̀. Kò pẹ́ tó tún fi dé. Nígbà kẹta yìí, ó di tábìlì mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ìyá mi? Wọ́n ní kí n dúró de àwọn níbí."

 Ìyá tí Màmá Tíṣà ń wá ti kú kí wọ́n tó bí Àṣíáwù sáyé. Lójú ẹsẹ̀ ni Àṣíáwù ti mọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrẹsì, pé iyè ìyá yìí ló ti ra. Fóònù wà lápò rẹ̀, nọ́ńbà Olúdayọ̀ ló wà lókè.

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní wèrè ẹ̀tàn ni. Ó ní bí àwọn onífàyàwọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn bí ọwọ́ bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa sọ kántankàntan kí aṣọ́bodè lè ṣàánú wọn. Ó ta iyọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kó máa lọ sílé.

"Mo mọ̀," ó sọ fún mi. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, mo sì lé e kúrò lọ́kàn mi. Torí pé tí mo bá gbà pé àìsàn ni, ta ni mo fẹ́ gbẹ̀san lára rẹ̀?"

Ọdún tuntun wọlé. Lóṣù Kìíní, Olúdayọ̀ bí ọmọkùnrin sí Àjàṣẹ́. Ayọ̀ pọ̀ lórí fóònù, ó ní ṣé Àṣíáwù ti sọ fún Màmá. Àṣíáwù ní òun ti sọ fún un, pé ìyá ń jó láàárín pálọ̀. Lásìkò yìí, Màmá Tíṣà ò jáde mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì, kò jáde mọ́ rárá. Òórùn kan ń ti ilé náà bọ̀ tí Hùmúàní fi ń gbé ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ sún mọ́ apá kejì.

Àṣíáwù ní ọjà ti kún nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wọ bùbá tó dáa, ó gun ọ̀kadà lọ sí ibi tí àwọn aṣọ́bodè dúró sí lójú ọ̀nà. Ó sọ fún ọ̀gá wọn pé ilé kan wà ní àdúgbò òun tí ìrẹsì kún dé àjà. Ọ̀gá náà bi í bóyá ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i. Ó búra lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó dé, ó ti yí àdúgbò po. Ó ń sọ fún olúkúlùkù pé kí wọ́n má lọ sóko, kí wọ́n má tíì lọ sọ́jà, nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí wọ́n á fẹ́ rí. Ó fẹ́ kí èrò pọ̀. Èrò sì pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró níwájú ilé Màmá Tíṣà láago mẹ́wàá, àfi bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìpàdé ìlú.

Bàbá Bàrúwà, alága àwọn onílé àdúgbò náà, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kànkùn ná, pé ìyá àgbà ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n kànkùn títí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n ṣí i.

Wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, síbẹ̀ kò ṣí. Nǹkan kan tì í láti inú. Ọkùnrin méjì fi èjìká tì í, ó yà díẹ̀. Àṣíáwù ti bọ́ síwájú gbogbo èrò, ó na ọrùn kí ó lè rí ìrẹsì.

Ìwé ló ya lulẹ̀. Ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tí wọ́n fi tákàdá pupa bò, àìmọye, tí eku ti jẹ létí. Ọ̀rá ló tẹ̀ lé e, ọ̀rá tí wọ́n ti lò, tí wọ́n ká kéékèèké, tí wọ́n so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Agolo òfìfo. Ìgò. Àkísà. Òórùn tó tẹ̀ lé wọn jáde lé àwọn aṣọ́bodè sẹ́yìn, àwọn èrò sì fọwọ́ bo imú.

Àpò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tò dé àjà. Aṣọ́bodè kan fi ọ̀bẹ ya èyí tó sún mọ́ ọn. Èèpo ọsàn àti búrẹ́dì tó ti hu ló wà nínú rẹ̀. Ó ya òmíràn, òfìfo agolo mílíìkì ni. Inú ẹ̀kẹta kún fún iyọ̀, iyọ̀ inú ọ̀rá kéékèèké tí wọn ò tíì ṣí, irú èyí tí Àṣíáwù ń tà.

Ẹyọ ìrẹsì kan ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà láàárín ìdọ̀tí, ọ̀nà tó kàn gba ẹsẹ̀ kan. Yàrá inú ni wọ́n ti bá a. Màmá Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àpò, ó ti gbẹ kan eegun, ìtọ̀ rin aṣọ rẹ̀ gbindingbindin, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà. Ó di àpò kan mú mọ́ àyà. Nígbà tí ó rí àwọn ọkùnrin náà, kò pariwo.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó o. Ọmọ mi ń bọ̀ wá jẹ ẹ́."

Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè ṣí fìlà. Ó tẹjú mọ́ ìyá náà, ó wá yíjú sí ìta. Ó ní òun mọ ìyá yìí. Ó ní lóṣù kẹsàn-án tí àwọn wá sí àdúgbò yìí, ìyá náà ló dá ọkọ̀ àwọn dúró láàárín títì, ó ní òun ò mọ ilé òun mọ́. Ó ń na ìka sọ́tùn-ún, ó ń na án sósì, ó ń bi àwọn bóyá ọ̀hún ni tàbí ibí. Àwọn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, àwọn sì mú un dé ẹnu géètì rẹ̀ kí àwọn tó lọ sídìí iṣẹ́ àwọn.

Hùmúàní gbọ́wọ́ lé orí. Ó ní òótọ́ ni, òun rí i tí wọ́n mú un dé géètì. Ó ní òun rò pé ṣe ni wọ́n ń sìn ín lọ torí pé ó ṣe wọ́n lóore ni.

Àṣíáwù ní, "Ta ló wá sọ ìsọ̀ mi fún yín?"

Ọ̀gá náà ní, "Awakọ̀ tó gbé ẹrù rẹ ni. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ náà."

Àṣíáwù rọra fà sẹ́yìn sáàárín èrò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì bínú sí i. Wọ́n rò pé ó ṣèèṣì ni, bí gbogbo wọn ì bá ṣe ṣèèṣì. Ilé tó dí fèrèsé lásìkò bodè, ta ni kò ní rò pé ìrẹsì ni? Ká ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ni, ì bá bá wọn káàánú ìyá, ì bá lọ sílé.

Bàbá Bàrúwà ló fa fóònù yọ. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, gbogbo ìpè rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó dún síta kí ó má baà máa wá ibi tí etí wà. Ó pe Olúdayọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, a ti rí ìyá rẹ o. Kò dáa. Kò dáa rárá, a fẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù. Kí ló dé tí o ò fi sọ fún wa pé ara rẹ̀ ò yá?"

Ohùn Olúdayọ̀ jáde, gbogbo èrò gbọ́ ọ.

Ó ní, "Bàbá, ta ni ara rẹ̀ ò yá? Ẹ̀gbọ́n Àṣíáwù bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí náà. Wọ́n ní Màmá jẹ ẹ̀bà, pé ó ń béèrè ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń bá mi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Ẹ̀gbọ́n ní fóònù. Wọ́n á ṣàlàyé fún yín."

Bàbá Bàrúwà na fóònù sí Àṣíáwù. Kò gbà á. Ohùn náà ń wí nínú fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"  Hùmúàní wo Àṣíáwù láti òkè délẹ̀, ó tutọ́ sílẹ̀, ó lọ bá wọn gbé ìyá.

Àwọn èrò tí Àṣíáwù fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ kí wọ́n lè wo ìtìjú Màmá Tíṣà, ojú òun ni gbogbo wọn ń wò. Wọ́n yà fún un nígbà tó ń kọjá lọ sílé, bí ìgbà tí èèyàn ń yà fún adẹ́tẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni Olúdayọ̀ dé. Ó gun ọ̀kadà gba inú igbó, ó pọn ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Dókítà sọ fún un pé àìsàn ọpọlọ ni, èyí tó máa ń ṣe àgbàlagbà tí iyè wọn á fi máa ra díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn nínú wọn máa ń kó nǹkan jọ, wọn kì í lè da ọ̀rá nù, wọ́n á gbàgbé ìwẹ̀, wọ́n á gbàgbé oúnjẹ, wọ́n á sì máa lé ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ọ̀bùn. Ó ní kí wọ́n má kó ìdọ̀tí ilé náà dànù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rù má baà ba ìyá, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ó wá ní ká ní ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn ni, ẹsẹ̀ yìí ì bá má rí báyìí.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, Màmá Tíṣà ń ra iyọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àṣíáwù bẹ àwọn àgbà. Wọ́n pàdé ní pálọ̀ Bàbá Bàrúwà, ó kúnlẹ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ bá a kúnlẹ̀, wọ́n ní kí Olúdayọ̀ forí jì í. Olúdayọ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tán. Kò pariwo. Ó ṣì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, Àṣíáwù ní ìyẹn ló dùn òun jù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti Àjàṣẹ́ ni mo ti ń ro ohun tí mo máa ṣe fún yín. Mi ò ní mú yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mi ò sì ní ṣẹ́ èpè, torí pé ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi. Láràárọ̀ ni ẹ ó máa wá wẹ Màmá mi, ẹ ó sì wẹ egbò yẹn. Ìgbàkígbà tó bá bi yín pé ta ni yín, ẹ ó sọ ohun tí ẹ ṣe fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọ̀kan. Èmi máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo máa gbọ́."

Inú àwọn ará Àṣíáwù dùn, wọ́n rò pé ó fúyẹ́. Bàbá Bàrúwà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.  Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o le."

Olúdayọ̀ ní òun mọ̀.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, Àṣíáwù gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé. Ìyá náà wò ó, ó ní, "Ta nìyí?" Àṣíáwù kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Màmá Tíṣà bú sẹ́kún, ó ń bi í pé kí lòun ṣe fún un. Ẹkún náà gùn. Àṣíáwù ní òun rò pé èyí tó le jù ti kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé omi wọlé. Màmá Tíṣà ní, "Ta nìyí?"

Ó di lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe sọ ọ́ tán, ìyá náà gbá a létí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rù bà á, ó sá sẹ́yìn ibùsùn, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí ó gbé ọwọ́ lé Àṣíáwù lórí, tó ní òun ti dárí jì í, tó sì gbàdúrà fún un bí ẹni tí iyè rẹ̀ pé. Àṣíáwù sunkún ayọ̀ délé. Ó jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé omi lọ, ìyá náà ní, "Ta nìyí?" Ìdáríjì náà ti lọ, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún Olúdayọ̀ pé ìyá rẹ̀ náà wà nínú ìyà yìí, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ọgbẹ́ kan náà sí i lára. Ó ní kí n kọ ìtàn tí wọ́n ní kí n kọ. Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ó sì sọ pé òun mọ̀ pé kò dáa, pé bó bá ti wu òun láti dáwọ́ rẹ̀ dúró, òun á rántí àwọn ọjọ́ Jímọ̀.

Àṣíáwù ní kí n bá òun sọ fún yín: bí arúgbó àdúgbò yín bá dí fèrèsé, ẹ má jókòó máa ṣọ́ ọ. Ẹ wọlé. Bí ó bá lé yín, ẹ padà wá lọ́la. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì fi í síkàáwọ́ yín, òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un, bí inú tilẹ̀ ń bí yín sí ìyá.

Wọ́n ti ṣí bodè báyìí. Ìsọ̀ Àṣíáwù ò tíì padà bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ṣíwọ́ ìwẹ̀ ìyá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé e lọ. Olúdayọ̀ wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Àṣíáwù ti rẹ kànrìnkàn sómi, ó ti bọ́ aṣọ lára ìyá. Màmá Tíṣà wò ó, ó bi í pé ta ni. Àṣíáwù sọ gbogbo rẹ̀, ìrẹsì, irọ́, iyọ̀, aṣọ́bodè, kò fo ọ̀kan.

Ìyá náà tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn. Nígbà tó parí, ó mi orí, ó di ọwọ́ Àṣíáwù mú nínú omi.

Ó ní, "Èèyàn burúkú wo ló ṣe ìyá àgbà bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o láàánú mi tó báyìí, o ò gbọdọ̀ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn. Ọlọ́run á san án fún un. Ṣe àmín."

Àṣíáwù ṣe àmín. Ó ṣe é sókè, kí Olúdayọ̀ lè gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.